Bí a ṣe ń fi ultrasound yẹ ìfun ológbò wò

Ológbò tó ń bì lemọ́lemọ́, tó ń rù bó tilẹ̀ ń jẹun, tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ kọ̀ tí kò dá, kò ní pẹ́ dé orí tábìlì skáànì. Ẹ̀rọ ultrasound máa ń rán ìró tí etí wa kò lè gbọ́ sínú ara, èyí tó bá padà bọ̀ ló fi ń ya àwòrán. Kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray, kì í sì í dun ẹranko.

Láti ilé ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún un lóúnjẹ fún wákàtí 8 sí 12 ṣáájú, àmọ́ ó lè mu omi. Ìró kì í gba inú afẹ́fẹ́ kọjá dáadáa, oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ inú ìfun sì máa ń bo ohun tí à ń wá. Ti ọmọ ológbò àti èyí tó ní àtọ̀gbẹ yàtọ̀: ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko kẹ́ ẹ tó febi pa wọ́n.

Wọ́n á fá irun ikùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olólógbò kì í fẹ́ èyí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun ń ba àwòrán jẹ́, irun á sì tún hù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì pa á, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ẹ̀yìn tàbí ní ẹ̀gbẹ́. Bí ara rẹ̀ kò bá balẹ̀, oògùn díẹ̀ dára ju kí ènìyàn mẹ́ta dì í mú lọ.

Dókítà á wá gbé próòbù, irinṣẹ́ ọwọ́ tó ń rán ìró náà, lé ikùn, á tẹ̀ lé ìfun láti àpòlúkù títí dé ìfun ńlá, láì fo ibì kankan. Níbi yìí ni ojú ti gbọ́dọ̀ mú. Ògiri ìfun tó dá ṣáṣá máa ń hàn ní ìlà márùn-ún, láti inú bọ̀ sóde: funfun, dúdú, funfun, dúdú, funfun. Dúdú ti inú ló nípọn jù. Dúdú ti òde ni iṣan, tín-ín-rín ló sì yẹ kó jẹ́. Ògiri ìfun kékeré kì í sábà ju mìlímítà 2.5 lọ, àyàfi ní ìparí rẹ̀, níbi tó ti lè tó nǹkan bíi 3. Ìgbà tí ìfun kò bá sún kì ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n, torí èyí tó sún kì máa ń dà bíi pé ó nípọn. Lójú tèmi, wíwọn iṣan lọ́tọ̀ ṣe pàtàkì gan-an, nítorí iṣan lè ti wú nígbà tí àpapọ̀ ògiri ṣì wà ní ìwọ̀n.

Bí iṣan bá nípọn ṣùgbọ́n tí ìlà márààrún ṣì pé, ó lè jẹ́ ìfun wíwú ọlọ́jọ́ pípẹ́, ó sì lè jẹ́ lymphoma, irú jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, tó ń rọra dàgbà. Àwòrán nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àfi kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ lára ìfun fún àyẹ̀wò. Bí ìlà bá ti pòórá tí kókó sì yọ, jẹjẹrẹ tó le ni a kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Ohun tí ológbò gbé mì máa ń tàn yòò, òjìji dúdú a sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìfun tó ṣáájú rẹ̀ a kún fún omi. Òwú ló burú jù. Ó máa ń kó ìfun jọ wínníwínní bí ìbàdí ṣòkòtò tí a fa okùn rẹ̀, ó sì lè gé e. Nítorí náà ni dókítà fi ń wo abẹ́ ahọ́n, torí ibẹ̀ ni òwú sábà máa ń kọ́ sí. Bí ẹ bá rí òwú tó yọ lẹ́nu tàbí nídìí ológbò, ẹ má fà á o! Ẹ gbé e lọ kíákíá.

Kí wọ́n tó gbé próòbù kúrò, kí wọ́n wo àwọn kókó lymph (àwọn kókó kéékèèké tó ń bá ara gbógun ti àrùn), ẹ̀dọ̀ àti pancreas (ẹ̀yà ara tó ń ṣe omi tó ń mú oúnjẹ dà). Ọ̀nà òróòro àti ti pancreas máa ń pàdé kí wọ́n tó wọ ìfun ológbò, ìdí nìyẹn tí àìsàn ìfun, ti ẹ̀dọ̀ àti ti pancreas fi lè jọ rìn. Ẹ ní kí wọ́n tọ́jú àwòrán àti ìwọ̀n tí wọ́n kọ, kí dókítà lè fi wé skáànì tó bá tẹ̀ lé e.