Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àgbà tó fẹ́ ti ọ̀dọ́ lẹ́yìn ní ilẹ̀ Okun

Ní ilẹ̀ Okun, lọ́dọ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ìyàrà, láti Mọ̀pà títí wọ Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀dọ́ tó fẹ́ tún ìlú ṣe pọ̀. Ọ̀rọ̀ omi ń dùn wọ́n, ilé ìwé tí kò ní olùkọ́ ń dùn wọ́n, ti ọmọbìnrin tó lóyún tí wọ́n ní kó má wá sí kíláàsì mọ́ ń dùn wọ́n. Àgbà tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ náà kò wọ́n wa. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tagbáratagbára lásìkò ọdún kì í pẹ́ tú ká. Lójú tèmi, ìdí kan ló ṣe pàtàkì jù: àgbà tó wá ṣèrànwọ́ á gba ìpinnu mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́, kò sì ní mọ̀ pé òun ti gbà á.

Ẹ má pè wọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ti parí

Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó àti Àbújá á wálé ọdún, wọ́n á ṣèpàdé, wọ́n á fẹnu kò lórí ètò, wọ́n á tẹ báńà. Nígbà tó bá ku ọ̀la ni wọ́n á tó ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́ pé kí wọ́n wá gba tí-ṣáàtì. Ọmọ kan á ka ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá a kọ, gbogbo ayé á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ọ̀dọ́ ló ṣe é. Roger Hart, olùṣèwádìí kan lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, kọ̀wé nípa irú èyí fún UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, lọ́dún 1992. Ó to ìkópa ọmọdé bí àkàsọ̀ onípele 8, ó sì ní mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ kì í ṣe ìkópa rárá: kí á máa darí ọmọ síbi tó wù wá, kí á fi ọmọ ṣe ọ̀ṣọ́, kí á ní kó sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní yí nǹkan kan padà. Ipele òkè pátápátá ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí. Hart kò ní kí àgbà kúrò níbẹ̀. Àwọn ọmọ ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, àwọn àti àgbà sì jọ pinnu.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ báńà, ẹ bi ara yín: bí àwọn ọmọ bá ní ètò yìí kò tẹ́ àwọn lọ́rùn, ṣé ó ṣì lè yí padà? Bí kò bá lè yí mọ́, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín dá sí i ni. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ ṣáà má pè é ní iṣẹ́ wọn.

Ẹ má sì fi òwe pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà: òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ tú àkísà ọ̀hún kí wọ́n rí i. Ẹ̀rọ omi wo ló bàjẹ́ kó tó pé ọdún? Ta ló yẹ kó máa tún un ṣe? Ìwé wo ni ìlú ìbá ti kọ sí ìjọba ìbílẹ̀ tí kò kọ? Ìmọ̀ yìí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ yín ló wà.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin jókòó sẹ́yìn

Èyí ló ń dùn mí jù. Ẹ wo ìpàdé ọ̀dọ́ lórí ọ̀rọ̀ omi, nínú kíláàsì kan. Àwọn ọkùnrin wà nídìí tábìlì, ọ̀kan ń ṣe alága, ọ̀kan ń kọ̀wé. Àwọn ọmọbìnrin ń pín píọ̀ wọ́tà, wọ́n ń pín búrẹ́dì, lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn kí wọ́n lè tètè lọ dáná nílé. Bẹ́ẹ̀, àwọn ló ń gbé kẹ́ẹ̀gì ní ìdájí. Àwọn ló mọ ẹ̀rọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán, èyí tí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í tètè jí, àti èyí tí ọmọbìnrin kò gbọdọ̀ dá lọ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ìpàdé á dìbò lórí ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ẹ̀rọ tuntun sí, ẹnikẹ́ni kò sì bi àwọn tó ń pọnmi léèrè.

Obìnrin àgbà tó bá wà níbẹ̀ ní iṣẹ́ ńlá láti ṣe. Kó kọ́kọ́ bá àwọn ọmọbìnrin jókòó lọ́tọ̀, kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, kí ẹni tí wọ́n yàn fúnra wọn dìde sọ ọ́. Kí àwọn ọkùnrin pẹ̀lú máa pín omi, kí wọ́n máa gbálẹ̀. Kí ìpàdé má bọ́ sí àsìkò oúnjẹ alẹ́.

Ẹ má ka gbogbo wọn sí ẹgbẹ́ ara wọn

Àdéhùn Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́, ti ọdún 2006, ka ẹni ọdún 15 sí 35 sí ọ̀dọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2003, sì pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ní ọmọdé. Nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ lè bá ọmọ tó ń múra WAEC àti ẹni tó ti bímọ méjì. Ti ọmọdé gba ìṣọ́ra: kí òbí rẹ̀ gbọ́ sí i, kí àgbà kankan má dá nìkan wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú yàrá, kí ẹ má gbé àwòrán àti orúkọ rẹ̀ sórí Facebook. Ọ̀nà wa náà ti di ohun ẹ̀rù nítorí àwọn ajínigbé. Ìpàdé tó máa mú ọmọ ọlọ́mọ rìnrìn àjò lálẹ́, ẹ sún un.

Owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ má gbà á sínú àkáǹtì ara yín, bó ti wù kí ọkàn yín mọ́ tó. Kí ẹgbẹ́ ní àkáǹtì tirẹ̀, kí ẹni mẹ́ta máa fọwọ́ sí i, kí wọ́n máa ka ìwé owó sókè ní gbogbo ìpàdé. Bí àwọn ọmọ bá kéré, àgbà lè fọwọ́ sí ti báńkì, ṣùgbọ́n kí ìwé owó wà lọ́wọ́ wọn.

Ti òṣèlú náà nìyí: láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin Not Too Young To Run ní oṣù Karùn-ún 2018, ẹni ọdún 25 lè du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá wù, kó lọ du ú. Ẹ má kàn jẹ́ kí olóṣèlú fi owó tí-ṣáàtì ra orúkọ ẹgbẹ́.

Ẹ má sá nígbà tí wàhálà bá dé

Nígbà ìwọ́de EndSARS ní oṣù Kẹwàá 2020, àwọn agbẹjọ́rò kan ń lọ láti àgọ́ ọlọ́pàá kan sí òmíràn, wọ́n ń gba àwọn tí wọ́n mú sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Irú iṣẹ́ tí mò ń sọ nìyẹn. Ó lè jẹ́ olùkọ́ àgbà tó máa bá àwọn ọmọ wọ ààfin, tàbí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tó mọ ọ́fíìsì tí ìwé wọn há sí. Àgbà tó ya fọ́tò pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ ayẹyẹ, tí kò gbé fóònù lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá pè wọ́n, àwọn ọmọ kò ní gbàgbé.

Ọ̀dọ́ náà ní tiwọn. Ẹ má bú ọba lórí WhatsApp kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí i. Ẹ kọ ọ́, ẹ mú àgbà kan lẹ́yìn lọ fi jíṣẹ́ láàfin, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà yín pé àwọn gbà á. Ẹ sì rántí àwọn tí kò ní dátà. Ìpinnu tí ẹ ṣe lórí fóònù nìkan, àwọn tó wà lóko kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Èyí tó kù ni ti alága ọ̀dọ́ tó ti lé lógójì ọdún tí kò tíì gbé ipò sílẹ̀. Kí ẹ kọ iye ọdún tí ipò máa gbà sínú òfin ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá pé, kí ẹni tó ń lọ bá ẹni tó ń bọ̀ jókòó fún oṣù díẹ̀, kó fa ìwé owó àti ìwé báńkì lé e lọ́wọ́, kó mú un lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n mọ ojú rẹ̀.