Bí a ṣe ń kọ ebè tí àgbàrá kò fi ní gbé erùpẹ̀ lọ

Erùpẹ̀ tí à ń fi ọkọ́ kọ yìí, àpáta ni tẹ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán á mú un wú, òtútù òru á mú un súnkì, títí yóò fi sán. Gbòǹgbò igi á wọ ibi tó sán, á máa fẹ̀ ẹ́. Omi òjò tó ti fa carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ mọ́ra á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: apá kan á di amọ̀, èyí tó le jù á kù bíi yanrìn. Kí sẹ̀ǹtímítà 1 erùpẹ̀ tó jáde lára àpáta, ó lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò ní koríko lórí, òjò ńlá mélòó kan ti tó láti gbé e lọ.

Nítorí náà, ebè gbọ́dọ̀ dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó má ṣe sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé e. Kí ẹ lè mọ ibi tó dọ́gba lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ẹ wá igi tó tọ́ méjì, mítà 2 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ so orí wọn pọ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ wọn, kí ẹ so igi kúkúrú kan dábùú àárín wọn, bíi lẹ́tà A. Ẹ so okùn mọ́ ṣóńṣó rẹ̀, kí nǹkan tó wúwo wà nídìí okùn náà. Òkúta tó, ṣùgbọ́n ìgò kékeré tí yanrìn kún inú rẹ̀ ni kí ẹ lò; kì í yí gbirigbiri bí òkúta. Àárọ̀ ni kí ẹ ṣe é, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí: wíwá ojú àmì, ìyẹn ibi tí okùn máa ń kàn lára igi ìdábùú bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wà lórí ilẹ̀ tó dọ́gba. Àwọn kan á wọn ìdajì igi ìdábùú, wọ́n á ní àárín nìyẹn. Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ igi méjèèjì kì í dọ́gba, bó ti wù kí ẹ gé e tó. Ẹ gbé igi náà nàró, ẹ fi àmì sí ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ nílẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ fa àmì sí ibi tí okùn ti kan igi ìdábùú. Ẹ wá yí i po, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ́ sójú àmì tòsì, kí tòsì bọ́ sí tọ̀tún. Ẹ tún fi ọ̀bẹ fa àmì sí ibi tí okùn kàn. Agbedeméjì àmì ọ̀bẹ méjèèjì yìí gan-an ni ojú àmì.

Mo ti rí olóko tó fi ojú lásán fa ìlà. Ebè rẹ̀ tẹ́jú lójú, àmọ́ ó rọ̀ sí apá kan. Nígbà òjò kejì, gbogbo omi inú poro wọ́ lọ síbì kan ṣoṣo, ó já, ó sì la kòtò tí ọmọdé lè dúró sí. Ì bá sàn kó má kọ ebè rárá.

Òkè pátápátá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ bá ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, omi òkè á wó o. Ẹ ri èèkàn sídìí ẹsẹ̀ kan, ẹ máa yí ẹsẹ̀ kejì títí okùn yóò fi bá ojú àmì, ẹ tún ri èèkàn, ẹ máa lọ bẹ́ẹ̀. Ìlà náà á máa wọ́ kọ́rọkọ̀rọ. Ẹ má mú un tọ́. Kí ẹ tó fa òmíràn, ẹ sọ̀kalẹ̀ títí ojú yín yóò fi bá ìlà òkè dọ́gba.

Ẹ gbin kooko ọba sójú ìlà èèkàn, kó sún mọ́ra. Vetiver, koríko mìíràn tó ń di erùpẹ̀ mú, lágbára jù ú lọ, bí ẹ bá rí i. Ẹ kọ ebè tó kù tẹ̀lé ìlà tó sún mọ́ ọn, kí ẹ fi erùpẹ̀ dí inú poro ní mítà 3 sí mítà 3, kí ìdènà náà má ga tó ebè. Koríko tí ẹ ro, ẹ má sun ún. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ebè.

Bí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá dá, ẹ tètè lọ wo inú poro. Ṣe ni kí omi dúró jẹ́ẹ́. Níbi tó bá ti ń ṣàn, ẹ ri èèkàn síbẹ̀, kí ẹ padà wá wọn ọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ.