Bí A Ṣe Fi Àgbàdo Ka Eyín Wọ́lífíìnì

Bàyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Kàbà. Odò Ọya ní Lọ́kọ́já ni omi tó tóbi jù tí ọ̀pọ̀ wọn ti fojú rí. Nígbà tí a dé orí àmúlùmálà ẹranko, mo rò ó pé ìbaaka nìkan ti sú wọn. Ni mo bá mú wọ́lífíìnì, àmúlùmálà ẹranko òkun méjì: dọ́lífíìnì àti false killer whale.

Mo yá téèpù lọ́wọ́ káfíńtà tó ń tún àga wa ṣe, mo mú ṣọ́ọ̀kì, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀. A ya dọ́lífíìnì onímú ṣónṣó ní mítà 3. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ya akọ false killer whale (àbùùbùtán ni “whale” inú orúkọ rẹ̀): ó lè tó mítà 6, orí rẹ̀ rí roboto, ara rẹ̀ dúdú. Ọmọkùnrin kan ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, báwo ni àbùùbùtán ṣe máa fún dọ́lífíìnì lóyún?” Mo ní kó má jẹ́ kí orúkọ tàn án jẹ, ẹbí dọ́lífíìnì, ìyẹn Delphinidae, ni àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ eyín ló dùn jù. Mo ti ra àgbàdo gbígbẹ lọ́wọ́ màmá tó ń tajà lẹ́nu géètì. A to ẹyọ 88 sẹ́nu dọ́lífíìnì, a to 44 sẹ́nu èkejì. Adìẹ kan wá ń ṣọ́ wa, a lé e. Mo ní kí wọ́n da méjèèjì pọ̀, kí wọ́n pín in sí méjì gẹ́lẹ́. 66! Iye eyín Kekaimalu gan-an nìyẹn, wọ́lífíìnì tí wọ́n bí ní Sea Life Park, ọgbà ẹranko òkun ní Hawaii ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1985. Dọ́lífíìnì ni ìyá rẹ̀, false killer whale ni bàbá. Àwọ̀ rẹ̀ náà kò ṣe ti ìyá, kò ṣe ti bàbá, àárín méjèèjì ló wà. Ariwo tí wọ́n pa, ọ̀gá wa yọjú lójú fèrèsé.

Àmọ́ kò jọ ìbaaka níbì kan: ìbaaka kì í sábà bímọ, Kekaimalu bímọ. Ó bí Kawili Kai lọ́dún 2004, dọ́lífíìnì ló sì fún un lóyún náà. Mo ní kí wọ́n lọ ṣírò rẹ̀ nílé: ìdá mélòó lára Kawili Kai ló jẹ́ dọ́lífíìnì? Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn kò dúró dilé rárá. “Mẹ́ta nínú mẹ́rin, sà.”