Bí A Ṣe Ń Ṣètò Iṣẹ́ Tó Tọ́ fún Òṣìṣẹ́ Ilé Ìtura ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ní ilé ìtura tàbí ilé oúnjẹ ní Abẹ́òkúta, ìbáà jẹ́ ní Ìbarà, ní Òkè-Ìléwó, ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí ní Àṣerò, mọ̀ pé ohun tí àlejò ń rántí kì í ṣe ọ̀dà ara ògiri. Ojú tí wọ́n fi kí i lẹ́nu ọ̀nà, bí aṣọ ibùsùn ṣe mọ́ tó, àti bóyá oúnjẹ tó béèrè fún ni wọ́n gbé wá, ni yóò máa ròyìn nígbà tó bá padà délé. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí wà. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn onílé ìtura kéékèèké àti àwọn máníjà wọn, àwọn tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà, mẹ́wàá tàbí ogún, nítorí mo ti rí púpọ̀ nínú wọn tí wọ́n náwó lórí ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ nígbà tí wọn kò tíì tún ibi tí òṣìṣẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́ ṣe. Ìwé, owó, àsìkò àti ààbò ló yẹ kó ṣáájú, kí ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́: ẹni tí kò tíì gba owó oṣù tó kọjá kò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ nípa bí a ṣe ń tẹ́ tábìlì.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má dúró di oṣù kẹta. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ló dára jù. Ẹ kọ orúkọ yín àti ti òṣìṣẹ́ sínú rẹ̀, irú iṣẹ́ tí yóò ṣe, iye owó oṣù àti ọjọ́ tí yóò máa wọlé, wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi, àti iye ọjọ́ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi sọ fún ẹnì kejì kí wọ́n tó pínyà. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tí kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọjọ́ kan ni. Ẹni tó ti kọjá ìyẹn ṣùgbọ́n tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì títí di ìgbà tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan gbáko.

Bí òṣìṣẹ́ náà bá ń ka Yorùbá ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹ kọ ìwé náà ní Yorùbá. Ìlú yìí ni Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ìwé Ìròyìn jáde ní 1859 kí àwọn ará Ẹ̀gbá lè máa ka ìwé ní èdè wọn, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tẹ̀ka sí ìwé tí kò yé e ní Abẹ́òkúta.

Owó oṣù àti ọ̀rọ̀ àwo tó fọ́

Láti 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí ti di ₦70,000, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn kéde ₦77,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni pé òfin náà yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ọ̀pọ̀ onílé ìtura sì ti há ìyẹn sórí. Síbẹ̀, òfin tó yọ yín sílẹ̀ kò sọ ọjà Kútọ̀ di ọ̀pọ̀ fún ẹni tí ń bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ jókòó kí ẹ ṣírò owó ọkọ̀ rẹ̀ láti Ọbáǹtókò tàbí Láfẹ́ńwá fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú oṣù, ẹ fi owó ilé àti owó oúnjẹ kún un, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo iye tí ẹ ń san. Iye yòówù tí ẹ bá fẹnu kò sí, ẹ san án ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, kí ẹ má sì dá owó oṣù àkọ́kọ́ dúró gẹ́gẹ́ bí ohun ìdógò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gígé owó, nítorí ibẹ̀ ni ìwà àìtọ́ pọ̀ sí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo ṣe iṣẹ́ agbáwo ní ilé ìtura kan nínú ìlú yìí. Ife tó bá fọ́, wọn a gé e. Ṣíbí tó bá sọnù, wọn a gé e. Lọ́jọ́ kan, àwọn àlejò mẹ́rin jẹun tán wọ́n sì bá ẹ̀yìn lọ láìsanwó, oṣù méjì ni mo sì fi ṣiṣẹ́ san owó oúnjẹ tí n kò jẹ. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá wọ ìwọ̀fà, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé owó tí wọ́n yá, kì í sì í dín gbèsè náà kù. Bó ti wù kó ṣiṣẹ́ tó, iye tó jẹ ló ṣì jẹ. Bí ọ̀rọ̀ tiwa ti rí gan-an nìyẹn, nítorí kí oṣù tó parí ni gbèsè mìíràn ti máa ń wọlé. Ohun tó ti ibẹ̀ yọ ni pé a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó bàjẹ́ pamọ́, títí kan ife tó ti sán lẹ́nu, tí a ń dà pọ̀ mọ́ èyí tó dára, tí a sì ń gbé síwájú àlejò.

Òfin Iṣẹ́ kò fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ kàn máa gé owó bó ṣe wù ú. Kìkì bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó fi àìbìkítà ba á jẹ́ ni a lè gé iye tó bá a mu, lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá ti fọwọ́ sí i nínú ìwé. Gbogbo ohun tí a bá sì gé lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ohun tí mo gbà yín níyànjú ni pé kí ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún àwo àti ife, nítorí ohun tí a ń lò lójoojúmọ́ yóò fọ́. Ẹ ní ìwé kan ní ilé ìdáná tí òṣìṣẹ́ yóò ti kọ ohun tó fọ́ àti bó ṣe fọ́, kí ẹ sì ṣe ìlérí pé a kò ní fìyà jẹ ẹni tó bá kọ òótọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé náà yóò fi hàn yín bóyá ilẹ̀ tó ń yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ló ń fọ́ àwo, tàbí ẹnì kan tí iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún. Ní ti àlejò tó sá lọ, àdánù olówó ni. Ẹ gba owó kí oúnjẹ tó kúrò ní ilé ìdáná bí ẹ̀rù bá ń bà yín.

Owó tí àlejò bá fi dá òṣìṣẹ́ lọ́lá, ti òṣìṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá gbà láti máa pín in, kí ẹni tó ń fọ àwo àti ẹni tó ń dáná má ṣe yọ lẹ́yìn.

Àsìkò

Ọ̀pọ̀ ilé ìtura ló ń lo ètò wákàtí mẹ́rìnlélógún: ẹ wọlé láàárọ̀ òní, ẹ jáde láàárọ̀ ọ̀la. Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti sọ pé kí ẹ pa á tì. Ẹni tí kò sùn ni yóò fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹlòmíràn, òun náà ni yóò gbàgbé iná gáàsì. Ètò ẹ̀ẹ̀mẹta, òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, lè béèrè fún òṣìṣẹ́ kan tàbí méjì sí i, ṣùgbọ́n ó ń dín àṣìṣe kù. Òfin kò dá iye wákàtí kan pàtó, ó fi í sí ọwọ́ àdéhùn, àmọ́ ó sọ pé ohun tó bá kọjá àdéhùn jẹ́ àṣekún, pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán wákàtí kan fún ìsinmi láàárín iṣẹ́, àti pé nínú ọjọ́ méje, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi odidi ọjọ́ kan sinmi. Ẹ lẹ ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́ ògiri kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Nígbà ọdún Lísàbí tàbí nígbà tí òwàǹbẹ̀ bá kún gbọ̀ngàn yín lọ́jọ́ Sátidé, ẹ san owó àṣekún, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ronú nípa bí wọn yóò ṣe délé. Ọmọbìnrin tó parí iṣẹ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́ tí ń wá ọ̀kadà lọ sí Àdátán ṣì wà nínú ewu tí iṣẹ́ yín fà. Kí iṣẹ́ ọ̀sán parí kí ilẹ̀ tó ṣú jù, tàbí kí ẹ ya yàrá kan tó ní kọ́kọ́rọ́ sọ́tọ̀ fún wọn láti sùn.

Ẹni tó bá pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Aláìsàn tí dókítà fún ní ìwé ní ẹ̀tọ́ sí owó iṣẹ́ títí dé ọjọ́ méjìlá lọ́dún. Aláboyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, bó bá sì ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán ìdajì owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọlé.

Ààbò àti ọ̀wọ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da jíìkì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́; èéfín tó ń ti inú rẹ̀ jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè pànìyàn. Ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí ẹ má sì gé owó rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí gáàdì sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, nítorí èéfín rẹ̀ kì í jí ẹni tó ń sùn kó tó pa á. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tí ẹ ń san ni ẹ óò máa dá fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́, lábẹ́ òfin 2010, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí ìrànwọ́; àpò agbanisíṣẹ́ ni owó yìí ti ń wá, kì í ṣe àpò òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ yín bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ètò owó ìfẹ̀yìntì náà di dandan.

Àlejò tó bá fọwọ́ kan òṣìṣẹ́bìnrin lọ́nà tí kò tọ́, òun ni kó lọ. Ẹ sọ èyí fún àwọn òṣìṣẹ́ ṣáájú, kí wọ́n mọ̀ pé wọn kò ní pàdánù iṣẹ́ wọn bí wọ́n bá fẹjọ́ sùn. Kí máníjà tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún má sì ṣe pe ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tó ń gbálẹ̀ ní orúkọ lásán. “Ìyá” tàbí “Màmá” kò ní dín àṣẹ rẹ̀ kù.

Ẹ̀kọ́

Nígbà tí ìwọ̀nyí bá ti wà nílẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó lè dúró. Ẹ mú ọjọ́ tí àlejò kì í pọ̀, bóyá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ẹ lo ìdajì wákàtí, kí ó sì wà nínú wákàtí iṣẹ́ tí ẹ ń sanwó fún. Ẹ má kọ́ wọn ju ohun kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní Ìtòkú, aládìírẹ kì í ka ìwé fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó ń fi aṣọ lé e lọ́wọ́, á ní kó ya ọnà kan, á wò ó, á ní kó tún un yà. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹni tó mọ bí a ṣe ń tẹ́ ibùsùn fi han ẹni tí kò mọ̀, kí ẹni náà tẹ́ ẹ lójú rẹ̀. Olùkọ́ náà tọ́ sí owó díẹ̀ lórí owó oṣù rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ. Oúnjẹ tútù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ 5°C, èyí tó gbóná kó ju 60°C lọ, kí èyí tí a ti sè má sì dúró lásán ju wákàtí méjì lọ. Bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ó yẹ kí aláṣè mọ bí a ṣe ń wo ìwọ̀n ooru inú fíríìjì, kí ó sì ní àṣẹ láti da ẹran tó ti yọ́ nù láì bẹ̀rù ọ̀gá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ́ wọn ní ìlú. Ó yẹ kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè sọ fún àlejò bí a ṣe ń dé Olúmọ, ibi tí a ti ń ra àdìrẹ ní Ìtòkú, àti ohun tó wà ní ilé ìkówèésí Ààrẹ Ọbásanjọ́ tí wọ́n ṣí ní 2017. Agbáwo ní láti lè ṣàlàyé láfún àti ọbẹ̀ tó bá a lọ fún ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí. Ẹ mú wọn lọ sí Olúmọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ san owó ìwọlé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tíì gun un.

Àjọ ITF, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971 láti máa ran ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ń gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ọdún kan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè dá tó ìdajì owó náà padà fún ẹni tó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́ òṣìṣẹ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Yunifásítì Ìmọ̀ Ọ̀gbìn tó wà ní Àlàbàtà ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìtọ́jú àlejò; ẹ kọ̀wé sí wọn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lójú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi akẹ́kọ̀ọ́ rọ́pò òṣìṣẹ́ tó yẹ kí ẹ sanwó fún.

Ohun tí àwọn olówó máa ń sọ fún mi ni pé bí a bá kọ́ wọn tán, Èkó ni wọn yóò gbà lọ, pàápàá láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 tó sì ń dúró ní ìlú wa. Àwọn kan yóò lọ lóòótọ́. Ẹ má fi ìwé dè wọ́n, ẹ má sì dá owó oṣù ìkẹyìn wọn dúró. Ẹ so owó mọ́ ìmọ̀ ní gbangba: iye tí ẹni tó mọ iṣẹ́ kan ń gbà, iye tí ẹni tó mọ iṣẹ́ méjì ń gbà, kí ẹni tó fẹ́ dúró mọ ìdí tó fi yẹ kó dúró. Fún ẹni tó bá sì ń lọ, ẹ kọ lẹ́tà kan tó sọ ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó kúrò, iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe àti ẹ̀kọ́ tó gbà lọ́dọ̀ yín. Ẹ buwọ́ lù ú, kí ẹ sì fi lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ, kí ó má baà di pé ó ń padà wá bẹ̀bẹ̀ fún un.