Bí ẹ ṣe lè fi okùn àti páálí kọ́ kíláàsì bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gba àṣẹ ìdàgbà

Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá fún Àtáọ́ja kì í já wọ yàrá ọba. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, àwọn ará ààfin ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ẹ̀yin olùkọ́ bàọ́lọ́jì l'Óṣogbo, ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí àwọn ọmọ sábà máa ń rò pé EGF, purotéènì tó ń pàṣẹ ìdàgbà, fúnra rẹ̀ ló ń lọ bá jíìnì.

Ẹ wá okùn mítà 6 àti páálí. Ẹ gé páálí sí 9: ẹ kọ fọ́sífétì sára 7, GDP sára ọ̀kan, GTP sára èyí tó kù; méjì yìí ló máa fi hàn bóyá purotéènì RAS ń sùn (GDP) tàbí ó jí (GTP). Okùn tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ ni awọ sẹ́ẹ̀lì. Tábìlì ni DNA. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, kóró sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ọmọ 11 ló máa ṣe é: EGF 2, agbàmì 2 (purotéènì tó ń gba àmì EGF) tó dúró lórí okùn, àti purotéènì 7 tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì: SOS, RAS, RAF, MEK, ERK, ELK1 àti GAP.

EGF kọ̀ọ̀kan á di agbàmì kan mú. Agbàmì méjèèjì á so pọ̀, wọ́n á lẹ fọ́sífétì kọ̀ọ̀kan mọ́ra wọn. SOS á wá mú kí GDP bọ́ lọ́wọ́ RAS, kí RAS gbé GTP. RAS jí nìyẹn. Á fa RAF mọ́ra; RAF á lẹ fọ́sífétì 2 mọ́ MEK, MEK á lẹ 2 mọ́ ERK. ERK á wọ inú kóró, á lẹ ọ̀kan mọ́ ELK1 nídìí tábìlì, ìgbà náà ni kíkọ ẹ̀dà RNA jíìnì FOS á gbéra sọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí ń gbà. Pípín sẹ́ẹ̀lì ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ẹ ṣọ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n á fẹ́ máa gbé páálí kan náà láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ara ATP, èròjà tó ń gbé agbára nínú sẹ́ẹ̀lì, ni fọ́sífétì kọ̀ọ̀kan ti ń wá. Ẹ kó páálí 7 sínú abọ́ tí ẹ kọ ATP sí, kí ẹni tó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ lọ mú tirẹ̀ níbẹ̀.

Dídá àṣẹ dúró ló yẹ kí ẹ pẹ́ lé lórí jù. GAP á fọwọ́ kan RAS, GTP á di GDP. Ẹ̀yin fúnra yín ẹ kó fọ́sífétì kúrò lára wọn. Kí ẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ GTP mọ́ RAS láyà. Àyípadà ipò 12 nínú RAS nìyẹn, tí wọ́n rí nínú jẹjẹrẹ àpòòtọ̀ ní 1982. EGF ti padà sí àyè rẹ̀, GAP ń fọwọ́ kan RAS, àṣẹ ò dúró. Ẹ wá ní kí MEK jókòó, ibi tí oògùn trametinib ti ń dí ọ̀nà, kí àwọn ọmọ sọ ìdí tí dídí agbàmì ò fi ran irú sẹ́ẹ̀lì yìí.