Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lórí Ìlànà Àjọ Ìjọba Ní Texas: Ẹ Yé Náwó Sórí Àbá

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí Ọlọ́run dá, kí n tó fi nǹkan kan kan ẹnu, mo ti ṣí Texas Register. Òun ni ìwé ìkéde tí ọ́fíìsì Secretary of State, akọ̀wé ìjọba ìpínlẹ̀ Texas, máa ń gbé jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ la sì ti ń rí àbá àti ìlànà àwọn àjọ ìjọba. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa bá àwọn tó ní ilé-iṣẹ́ home health, tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ tọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn, ní Houston tọ́jú ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì wọn. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn nọ́ọ̀sì tó fi ọdún gbọọrọ ṣiṣẹ́ òru kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀. Owó tí wọ́n fi òógùn ojú wọn kó jọ ni mo ń rí tó ń bá omi lọ, nítorí ohun tí ìwé ọ̀fẹ́ yẹn ì bá ti sọ fún wọn. Ó ń bí mi nínú, ó sì ń dùn mí.

Ẹ ti mọ̀ pé ilé aṣòfin ní Austin, olú-ìlú Texas, ló ń ṣe òfin, pé àwọn àjọ bíi HHSC (Health and Human Services Commission, àjọ ìlera ìpínlẹ̀ yìí) ló sì ń ṣe ìlànà tí a fi ń tẹ̀ lé òfin náà. Mi ò ní padà síbẹ̀. Ọ̀nà tí àbá, ìyẹn ohun tí àjọ ṣì ń gbèrò, ń gbà kí ó tó di ìlànà lẹ̀ ń ṣì, orí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ sí.

1. Kí èèyàn rí àbá kó sọ pé òfin ni.

Àǹtí kan pè mí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ohùn wọn ń gbọ̀n. Ẹnì kan ti ya fótò ojú ìwé kan sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wọn, ó sì kọ “ÒFIN TUNTUN” sí i lórí gàdàgbà gadagba. Kí wọ́n tó rántí mi, wọ́n ti ka $3,800 fún ọkùnrin kan tó bá wọn tún gbogbo ìwé ìṣiṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọn kọ. Mo ní kí wọ́n fi fótò náà ránṣẹ́ sí mi. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, mo rí gbólóhùn kan: “Earliest possible date of adoption.” Ọjọ́ tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Gbólóhùn yẹn kò sọ pé ọjọ́ náà ni ìlànà máa bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé àjọ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí i ṣáájú ọjọ́ náà. Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yìí, orí 2001 nínú Texas Government Code, ní kí àjọ kéde àbá rẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 30 kí ó tó fọwọ́ sí i. Bí oṣù mẹ́fà bá sì kọjá lẹ́yìn ìkéde tí wọn ò fọwọ́ sí i, àbá náà ti kú nìyẹn, òfin kà á sí èyí tí wọ́n ti yọ kúrò nílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbá Àǹtí gan-an nìyí. Oṣù mẹ́fà pé, àbá lọ, $3,800 náà sì bá a lọ.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ojú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tí ìlà wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi kún un. Èyí tí wọ́n fi ìlà dábùú, tí wọ́n há mọ́ àárín àmì onígun, ni wọ́n fẹ́ yọ. Èyí tí kò ní ìlà rárá ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ó sì yẹ kí ẹ ti máa tẹ̀ lé e. Mo ti rí ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nítorí ẹsẹ tó ti wà nínú ìwé kó tó gba láísẹ́ǹsì.

2. Kí èèyàn máa wá ọ̀rọ̀ ìlànà níbi tí kò sí.

Bí àjọ bá fọwọ́ sí àbá láì yí nǹkan kan padà, wọn kì í tún un tẹ̀. Ẹ ó kàn rí i tí wọ́n kọ ọ́ pé “without changes to the proposed text,” wọ́n á dárúkọ ìwé ọ̀sẹ̀ tí àbá náà ti kọ́kọ́ jáde àti ojú ewé rẹ̀, ó parí. Ẹni tí kò mọ̀ á wo ibẹ̀, kò ní rí ìlànà kankan, á sì sọ pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ padà sí ìwé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dárúkọ yẹn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

3. Kí èèyàn fojú kékeré wo ìlànà pàjáwìrì, tàbí kó má mọ ìgbà tó ń kú.

Ìlànà pàjáwìrì kò ní ọjọ́ 30, kò sì dúró gbọ́ ẹnu ẹnikẹ́ni. Bí àjọ bá rí i pé ewu tó sún mọ́lé wà fún ìlera, ààbò tàbí ire ará ìlú, tàbí pé òfin ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀ béèrè fún kíákíá, ó lè gbé e jáde láì kéde tẹ́lẹ̀, ó sì lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá dé ọ́fíìsì Secretary of State. Àjọ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ máa ka ìdí náà, nítorí ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tí àwọn olùyẹ̀wò tí àjọ ń rán wá yóò kọ́kọ́ béèrè. Nígbà Kòrónà, ní 2020, HHSC gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ jáde fún àwọn ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ti àlejò tó ń wá wo ìyá àti bàbá wọn wà nínú rẹ̀. Àwọn kan ń dúró de lẹ́tà kí wọ́n tó tẹ̀ lé e. Lẹ́tà wo? Ìlànà ti ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbọ́.

Ọjọ́ 120 ni ẹ̀mí rẹ̀ gùn mọ jù. Àjọ lè sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan péré, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 60 lọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ, àjọ lè gbé ọ̀rọ̀ kan náà kalẹ̀ bí àbá lásán, kó gba ọ̀nà ọjọ́ 30, kí èyí sì wọlé bí tàkọ́kọ́ ṣe ń jáde. Bọ̀dá kan tí mo mọ̀ ka ọjọ́ 120 tirẹ̀ dáadáa lórí kàlẹ́ńdà ògiri, ó fi báírò pupa yí ọjọ́ náà ká. Nígbà tó pé, ó palẹ̀ gbogbo fọ́ọ̀mù tí ìlànà náà ní kó máa kọ mọ́. Kò mọ̀ pé wọ́n ti sún un síwájú lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú. Àwọn olùyẹ̀wò dé lọ́jọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n béèrè fọ́ọ̀mù, kò rí nǹkan mú jáde.

Èyí tó ń ká mi lára jù lọ ni ọ̀rọ̀ lẹ́tà tí ẹ lè kọ sí àjọ lórí àbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa.

Láàárín ìgbà tí àbá wà nílẹ̀, òfin ní kí àjọ fún gbogbo èèyàn láyè láti sọ tẹnu wọn, kí ó sì gbé gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò dáadáa, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu tàbí ìwé. Nígbà tó bá ń fọwọ́ sí ìlànà náà, ó gbọ́dọ̀ kọ ohun tí àwọn èèyàn sọ sílẹ̀, kó dárúkọ ẹgbẹ́ tó fara mọ́ ọn àti èyí tó lòdì sí i, kó sì sọ ìdí tí kò fi gba ohun tí kò gbà. Ẹ gbọ́ o: àjọ ìjọba ni òfin fi dandan mú pé kó dá yín lóhùn! Nílé, orí rédíò la ti ń gbọ́ pé ìjọba ti ṣe nǹkan, ó ti parí. Níbí, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa, a ò wọlé.

Kí là ń ṣe dípò bẹ́ẹ̀? À ń kùn. A ó kùn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a ó kùn lóde ìnáwó, a ó gba ohùn ìṣẹ́jú méje sílẹ̀ lórí WhatsApp fún àwọn tí kò lágbára láti yí kọ́mà kan padà nínú ìlànà náà. Bí ọjọ́ 30 bá ti wá kọjá, a ó dáwó jọ fún lọ́yà.

Àwọn díẹ̀ tó ń kọ̀wé náà, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Mo ti ka lẹ́tà olójú ewé méjì tó jẹ́ pé ìkíni àti àdúrà ló gba ewé àkọ́kọ́, tí ewé kejì sì ń sọ pé nǹkan le, kí wọ́n ṣàánú. Kò sí nọ́ńbà ìlànà nínú rẹ̀, kò sí ẹsẹ, kò sí iye owó. Kí ni ẹni tó gbà á fẹ́ fi ṣe? Àwọn mìíràn á kọ lẹ́tà kan, èèyàn 40 á tẹ̀ ẹ́ jáde, kálukú á fọwọ́ sí tirẹ̀. Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ìbò. Àjọ á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, á pè é ní ọ̀rọ̀ kan, á sì fún un ní èsì kan.

Ẹ wo èyí tó ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ní Missouri City, ìlú kan lẹ́bàá Houston, tí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ kò ju méjì lọ, kọ ewé kan àti ààbọ̀. Ìlà àkọ́kọ́ dárúkọ ìlànà náà àti ẹsẹ rẹ̀ gan-an. Àbá náà sọ pé kí ilé-iṣẹ́ fi ìròyìn kan ránṣẹ́ láàárín wákàtí 24. Ó ṣàlàyé pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ Jímọ̀, ẹnì kan ní láti wá ṣí ọ́fíìsì ní Sátidé, kó gba owó àfikún, ó sì ṣírò iye tí ìyẹn máa jẹ́ lọ́dún kan. Àjọ ti kọ ọ́ sínú àbá pé kò ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ó fi ìwé owó oṣù ti ọdún tó kọjá tì í lẹ́yìn pé yóò náni lówó. Lẹ́yìn náà ló kọ gbólóhùn tó fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀: kí ìròyìn dé kí ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e tó parí. Kò bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìlànà náà jáde, gbólóhùn tirẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ máa wo ibi tí àjọ ti sọ iye tí àbá máa ná yín, àti ohun tó máa ṣe sí ilé-iṣẹ́ kéékèèké. Òfin ní kí wọ́n kọ ọ́. Bí ohun tí wọ́n kọ kò bá bá ìwé owó yín mu, ibẹ̀ ni agbára lẹ́tà yín wà.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé náà wà níbẹ̀. Bí èèyàn 25 bá béèrè, tàbí ẹgbẹ́ kan tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dín ní 25, àjọ gbọ́dọ̀ pe ìpàdé ìta gbangba kó tó fọwọ́ sí irú ìlànà tó kan ẹ̀tọ́ tàbí ojúṣe wa. Ẹgbẹ́ wo la ní ní Houston tí èèyàn rẹ̀ kò tó 25? Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ṣoṣo tó o. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ẹgbẹ́ wa kan tó kọ ìwé ìbéèrè náà rí.

Èmi náà ti gbé e sọnù lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ lẹ́tà tó dára, mo fi ránṣẹ́ sí olùyẹ̀wò tí mo mọ̀, mo rò pé yóò fi í síbi tó yẹ. Àdírẹ́sì tí wọ́n ní kí a lò wà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú àbá náà, mi ò wò ó. Ìgbà tí mo máa mọ̀, gbèdéke ti kọjá lọ́jọ́ méjì. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí mo ń ṣojú fún ló jìyà rẹ̀, mo sì ṣì ń rántí orúkọ wọn bí mo bá ń kọ lẹ́tà.

Àwọn tó kù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọjọ́ 20 lẹ́yìn tí ìlànà tí wọ́n fọwọ́ sí bá dé ọ́fíìsì Secretary of State ló máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àfi bí ìlànà náà tàbí òfin bá yan ọjọ́ mìíràn. Ẹ má ka ọjọ́ náà láti Jímọ̀ tí ẹ rí i nínú ìwé: nígbà yẹn, àwọn ọjọ́ kan ti lọ.

Bí àjọ bá fo ìgbésẹ̀ kan tí òfin là sílẹ̀, ọdún méjì péré lẹ ní láti gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ìyẹn.

Ẹ má fi ti Texas ṣe ti ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Chicago, ní ìpínlẹ̀ Illinois, ní ọjọ́ 150 fún ìlànà pàjáwìrì, Florida ní 90, California ní 180. Ìwé ìkéde ìpínlẹ̀ yín ni kí ẹ kà.

Ẹ má sì dúró de àjọ ní gbogbo ìgbà. Bí ìlànà kan bá ń ni yín lára, ẹ lè kọ ìwé pé kí wọ́n ṣe tuntun tàbí kí wọ́n tún èyí tó wà ṣe. Láàárín ọjọ́ 60, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́ nínú ìwé, kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀. Àǹtí tó san $3,800 ti kọ tiwọn báyìí. Ọjọ́ 41 la wà.