Bí A Ṣe Lè Yan Ohun Ìṣeré àti Ẹ̀bùn Tó Yẹ Ọmọ Ọdún 6 sí 8

Kí a tó ra ohun ìṣeré fún ọmọ tó wà ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ náà máa ń ṣe nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́. Ọmọ tó ń tú nǹkan láti wo inú rẹ̀, ọmọ tó ń ya àwòrán sí ẹ̀yìn gbogbo ìwé tó bá rí, àti ọmọ tó ń kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti ṣe olùkọ́ wọn, gbogbo wọn ló ti fi ohun tó wù wọ́n hàn wá kí a tó béèrè. Bí ọmọ náà kì í bá gbé lọ́dọ̀ wa, kí a bi òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ léèrè, kí a sì béèrè ohun tó ti ní tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú.

Ìlànà kan wà tí mo máa ń fi ṣáájú gbogbo ìyókù: kí iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe nínú eré náà pọ̀ ju iṣẹ́ tí ohun ìṣeré náà yóò ṣe lọ. Ọkọ̀ ìṣeré onibátìrì tó ń dá sáré, tó ń tanná, tó sì ń kọrin máa ń ya ọmọ lẹ́nu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó kù fún ọmọ láti ṣe ju kí ó tẹ bọ́tìnnì kí ó sì máa wò ó, nítorí náà kì í pẹ́ sú u. Búlọ́ọ̀kù tí a ń tò pọ̀ kò lè dá ohunkóhun ṣe, síbẹ̀ ohun tó jẹ́ ilé lónìí lè di afárá lọ́la, kí ó sì di ọkọ̀ òfuurufú lọ́túnla. Irú ohun ìṣeré bẹ́ẹ̀ tún máa ń bá ọmọ dàgbà. Búlọ́ọ̀kù LEGO tí wọ́n ṣe ní ọdún 1958 ṣì bá èyí tí wọ́n ń ṣe lónìí mu, a sì lè máa fi díẹ̀díẹ̀ kún èyí tí ọmọ ti ní.

Jean Piaget, onímọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí bí ọmọdé ṣe ń ronú, sọ pé láti nǹkan bí ọdún 7 sí 11 ni ọmọ máa ń lè ro nǹkan já, bí ohun tí ó ń rò bá ṣáà wà níwájú rẹ̀ tí ó lè rí i kí ó sì fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí eré tó ní òfin fi máa ń dùn mọ́ wọn ní àsìkò yìí: lúdò, dáráfù, káàdì, àti chess fún èyí tó bá fẹ́ràn àròjinlẹ̀. Kí a yan èyí tó lè parí láàárín ìdajì wákàtí. Ọmọ tí ìjákulẹ̀ máa ń pa lẹ́kún yóò gbádùn eré tí gbogbo òṣèré ti jọ ń lépa ohun kan ṣoṣo ju èyí tí ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ borí lọ.

Fún ọmọ tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́, irinṣẹ́ gidi tó mọ níwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ dára ju ayédèrú lọ. Síṣọ́ọ̀sì tó ń gé ìwé ní tòótọ́ ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò mú ṣonṣo, ọ̀dà tó tàn dáadáa, ìwé tó nípọn, àti awò tó ń mú kí nǹkan kékeré hàn ní ńlá wà lára ohun tí mo gbà pé owó tí a ná lé wọn kò ṣòfò. Kí a kìlọ̀ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ fi awò náà wo oòrùn láéláé. Kí a má sì sọ pé ti ọkùnrin ni èyí, ti obìnrin ni tọ̀hún. Ọmọkùnrin tó ń bá ọmọlangidi ṣeré ń kọ́ ìtọ́jú ẹlòmíràn.

Bọ́ọ̀lù àti okùn tí à ń fò kò nílò àlàyé. Ti kẹ̀kẹ́ ni ó yẹ kí a ṣọ́ra sí, nítorí kẹ̀kẹ́ kì í ṣe aṣọ tí a ń rà tóbi kí ọmọ lè dàgbà bá a. Bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kẹ̀kẹ́ bá jókòó lórí ìjókòó rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Kí a ra akoto ààbò pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà.

Iye ọjọ́ orí tí wọ́n kọ sára páálí kì í ṣe ìwọ̀n òye ọmọ. Nítorí ààbò ni wọ́n ṣe sábà máa ń kọ ọ́. Bí àbúrò tí kò tíì pé ọdún 3 bá wà nínú ilé, gbogbo ohun wẹ́wẹ́ tó wà nínú ẹ̀bùn ẹ̀gbọ́n lè há a lọ́fun, nítorí náà kí ẹ̀bùn náà ní àpótí tó ṣeé tì. Bátìrì kékeré roboto bíi bọ́tìnnì ni mo bẹ̀rù jù. Bí ó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, ó lè jó ẹran ara ibẹ̀ láàárín wákàtí 2 péré, nítorí náà súkúrúù gbọ́dọ̀ wà lára ìdérí rẹ̀, bí a bá sì fura pé ọmọ gbé e mì, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀ láìdúró de àmì kankan. Òòfà kéékèèké tó lágbára léwu bákan náà: bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn mọ́ra láti inú ìfun kan sí òmíràn, kí wọ́n sì dá ìfun lu.

Ohun ìṣeré tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì gba ìrònú tirẹ̀. Ní ọdún 2017, àjọ ìjọba kan ní Jámánì fi òfin de ọmọlangidi kan tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹlòmíràn lè tipasẹ̀ rẹ̀ fetí kọ́ ọ̀rọ̀ inú ilé. Bí a kò bá lè pa gbohùngbohùn rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ sí ilé ìtajà.

Lọ́jọ́ tí a bá fún ọmọ lẹ́bùn, kí a kó ọ̀rá tó bò ó dànù, kí a ti fi bátìrì sí i tí ó bá ń lò ó, kí a sì jókòó tì í ṣe eré náà ní ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán, pàápàá bí ó bá jẹ́ eré olófin tí ọmọ kò lè dá kà yé. Lẹ́yìn náà, kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà dé ìgbà, bí ara rẹ̀ bá sì ti ya tàbí tí ìdérí bátìrì rẹ̀ kò dè mọ́, kí a gbà á lọ́wọ́ ọmọ títí a ó fi tún un ṣe.